Ohun Tí Ìdílé Wa Kì í Jẹ

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Monrovia, bí àwa ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí ẹnì kan jẹ́, a kì í bi í ní orúkọ ìlú rẹ̀. Ohun tí àwọn èèyàn rẹ̀ kì í jẹ la máa ń bi í. Tí wọ́n bá ti lu agogo ìsinmi, abẹ́ igi máńgòrò kan la máa ń kó ara wa jọ sí, ọ̀rọ̀ náà á sì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan á ní àwọn ará ilé òun kì í jẹ ọ̀bọ. Òmíràn á ní tòun, àmọ̀tẹ́kùn ni wọn ò gbọdọ̀ fẹnu kàn, bẹ́ẹ̀ ọmọ Ọlọ́run ò rí àmọ̀tẹ́kùn rí àfi nínú ìwé. Bí ó bá wá kàn ọ́, tí o ò rí nǹkan kan wí, wọ́n á máa wò ọ́ bíi pé ojú ọ̀nà ni wọ́n ti he ọ́.

Èmi ní tèmi, mo sì máa ń sọ ọ́ tàyàtàyà. Ìdílé wa kì í jẹ ìṣáwùrú.

Ìgbín kékeré inú odò yẹn ni mò ń wí. Kismíìtì ni wọ́n ń pè é ní Monrovia. Wọ́n á gé ṣóńṣó ìdí ìkarahun rẹ̀, wọ́n á dà á sínú ọbẹ̀ ẹyìn tí wọ́n ń pè ní pamu-bọ́tà, tí wọ́n fi ń jẹ ìrẹsì. Tó bá jinná, wọ́n á gbé e sẹ́nu, wọ́n á fà á fùú, ẹran inú rẹ̀ á já bọ́ sórí ahọ́n. Tolówó tòtòṣì ló ń jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹnu fi máa ń ya àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. "Ay, my people! Kissmeat self?" Ọmọbìnrin kan tiẹ̀ bi mí pé kí ni mo wá ń jẹ tí mo fi ń dàgbà. Mo ní kó lọ bi bàbá mi.

Bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Carey Street, ó ń ta abọ́ tánganran, ìkòkò àti fìtílà. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà là ń gbé, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí mi sí. Yorùbá là ń sọ nínú ilé, ṣùgbọ́n tí o bá ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn báyìí, ó tán, Gẹ̀ẹ́sì Monrovia ló kù. Tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti gba ìsinmi, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á lọ sí abúlé wọn, wọ́n á padà wá, wọ́n á máa ròyìn ohun tí ìyá àgbà sè fún wọn. Èmi ò ní ibì kankan tí mo fẹ́ lọ. Bàbá mi á máa wí pé "nílé, nílé," bẹ́ẹ̀ ilé tó ń wí yìí, mi ò mọ bí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe rí. Òun náà ò tún fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ láti kékeré, nígbà tí àbúrò bàbá rẹ̀ mú un lọ sí Gold Coast, kó tó wá wọ ọkọ̀ ojú omi dé Liberia. Ìyá rẹ̀ kú, kò ráyè lọ. Gbogbo ohun tí èmi ní láti ilé yẹn kò ju èèwọ̀ yìí lọ.

Ẹnu mi kì í sì í dákẹ́. Kí ló dé tí a kì í jẹ ẹ́? Mo bi bàbá mi, ó ní bẹ́ẹ̀ làwọn ṣe bá a. Mo tún bi í lọ́jọ́ mìíràn, ó ní ìṣáwùrú ló gba àwọn baba ńlá wa sílẹ̀ lójú ogun.

Mo ní, "Báwo ló ṣe gbà wọ́n, Bàbá? Ṣé ó gbé wọn pọ̀n ni?"

Ó ju bàtà mọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo ti rí i lójú rẹ̀ pé òun náà ò mọ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà túbọ̀ máa jẹ mí lọ́kàn.

Mo bi ìyá mi. Ìjẹ̀bú ni àwọn òbí tirẹ̀, Monrovia níbẹ̀ ló ti pàdé bàbá mi. Ó ń ṣa ìrẹsì, kò tiẹ̀ wojú mi. Ó ní, "Nígbà tí mo wọlé ọkọ, ṣé ìyá ọkọ wà níbẹ̀ ni? Àbí ìyàwó ilé kan wà tó máa fà mí létí pé báyìí là ń ṣe, báyìí la kì í ṣe? Bàbá rẹ nìkan ni mo bá. Ó ní òun kì í jẹ ìṣáwùrú, mo ní kò burú. Ṣé torí ìṣáwùrú ni mo ṣe wá ilé ọkọ ni?"

Mo bi àfáà tó ń kọ́ wa ní kéwú. Ó ní ẹ̀sìn ò bá ìṣáwùrú jà, ohun inú omi ni, ọ̀rọ̀ bàbá mi ni kí n lọ gbọ́. Nígbà tó yá, kò sí Yorùbá kan tó wọ ṣọ́ọ̀bù wa tí mi ò bi. Wọ́n á wo bàbá mi, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ọmọ yìí á di lọ́yà. Olúkúlùkù ní èèwọ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́ ti ìṣáwùrú rí.

Nígbà tí mo fẹ́ parí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bàbá mi ní ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ń bọ̀. Ogun ti parí ní Nàìjíríà, ọ̀nà ti là. Ó ní bí ẹ̀gbọ́n òun bá gbà, màá tẹ̀ lé e padà, màá lọ kàwé nílé, màá máa gbé ní agbolé wa.

Háà! Mi ò sùn dáadáa mọ́. Kì í ṣe pé Monrovia sú mi o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Mo fẹ́ràn òkun, mo fẹ́ràn ariwo ọjà Waterside, mo fẹ́ràn àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ fojú ara mi rí i, odindi agbolé kan tí gbogbo wọn kì í jẹ ìṣáwùrú, tọmọdé tàgbà. Mo ti rò ó tán. Màá wọlé, wọ́n á ní, "Ta nìyí?" Màá ní, "Èmi ni, ìdílé wa kì í jẹ ìṣáwùrú." Wọ́n á sì ní, "Áà, ọmọ wa ti dé!" Mo máa ń dá a sọ nínú balùwẹ̀.

Ìyá mi ló bu omi tútù sí i. Ó ní, "Ọwọ́ obìnrin yẹn lọ̀rọ̀ wà. Òun ló máa tọ́ ọ. Bí kò bá rí ọmọ ilé wọn lára rẹ, kò ní gbé ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀ ru ara rẹ̀."

A lọ pàdé rẹ̀ ní èbúté ní Bushrod Island. Bí bàbá mi ṣe rí i tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì, tòun ti agbádá funfun, ó sì bú sẹ́kún níṣojú àwọn alábàárù èbúté. Mi ò rí i kó sunkún rí. Obìnrin gíga ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dúdú, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ojú rẹ̀ sì mú. Nígbà tó kàn mí, mo kúnlẹ̀, àmọ́ inú mi dùn débi pé mo na ọwọ́ sí i lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, mo sì fi ìka mi ta tirẹ̀ táù bí wọ́n ṣe ń bọwọ́ ní Monrovia.

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó wo bàbá mi. Ó ní, "Kí lọmọ yìí ṣe sí mi lọ́wọ́?"

Ìyá Ilé la bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń yẹ̀ mí wò bí ẹni tó fẹ́ ra aṣọ. Ó yẹ etí mi wò. Ó ní kí n bọ́ bàtà kí òun rí ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi. Á jókòó sí ẹnu ọ̀nà, á ní kí n rìn lọ, kí n rìn bọ̀.

"Ẹsẹ̀ yìí kì í ṣe tiwa."

"Ojú ìyá rẹ̀ ló gbé délẹ̀délẹ̀. Imú ńkọ́? Imú náà kì í ṣe tiwa."

Lọ́jọ́ kan ó rán mi ní ìjábẹ̀, mo gbé ìgbálẹ̀ wá. Ó mí kanlẹ̀. Mo gbọ́ tó ń bá bàbá mi sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù: "Àbúrò mi, ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n kò mọ nǹkan kan nílé wa, ilé wa náà ò sì mọ̀ ọ́n. Bí mo bá mú un dé, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí tí á fi sunkún padà. Jẹ́ kó wà níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n."

Bàbá mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó mọ èèwọ̀ wa o."

Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo sunkún títí. Inú bí mi sí ẹsẹ̀ mi, inú bí mi sí imú mi, inú tún bí mi sí òun náà. Níbi tí wọ́n ti mọ̀ mí kẹ̀? Níbi tí wọ́n ti ń pe èmi náà ní ọmọ Nàìjíríà láàárọ̀ lálẹ́? Nàìjíríà ò mọ̀ mí, Liberia ní àlejò ni mí. Mo bi Ọlọ́run pé ibo gan-an ló ní kí n wà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, a ń múra oúnjẹ, àgbà obìnrin ẹ̀yà Kúrù tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa sì wọlé. Ol' Ma ni gbogbo wa ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe àgbà obìnrin níbẹ̀. Ó gbé abọ́ ńlá dání, ó ní òun gbọ́ pé àlejò ti òkè òkun dé, òun ò lè gbọ́ kí òun má gbé nǹkan wá. Òórùn pamu-bọ́tà ti gba gbogbo ilé kó tó ṣí i. Ó kí Ìyá Ilé, ó gbé abọ́ náà síwájú rẹ̀, ó sì padà sílé rẹ̀.

Bàbá mi rí ìkarahun dúdú tó yọrí nínú ọbẹ̀. Ó dìde wàràwàrà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, obìnrin yẹn ò mọ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e kúrò."

"Gbé kí ni kúrò?" Ìyá Ilé ti tẹjú mọ́ abọ́ náà. "Ìṣáwùrú kọ́ nìyí? Áà! Ìṣáwùrú! Wọ́n ní in ní ibí yìí, ẹ̀yin sì ń fún mi ní ẹja gbígbẹ láti ọjọ́ tí mo ti dé?"

Kí ẹnikẹ́ni tó mí, ó ti gbé ọ̀kan sẹ́nu. Fùú! Ó gbé ìkarahun sílẹ̀, ó mú òmíràn.

Bàbá mi di orí mú. "Yéè! Ẹ̀gbọ́n mi! Èèwọ̀!"

"Èèwọ̀ ta?"

"Èèwọ̀ wa! Èèwọ̀ ìdílé wa!"

Ìyá Ilé wò ó títí. Ó wo ìyá mi, ó wò mí, ó tún wo bàbá mi. "Àbúrò mi, ta ló sọ fún ọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìyá wa ni."

Ni obìnrin náà bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fi etí ìró nu ojú. Ó ní, "Olúwa ò! O ṣì ń gbé e kiri? Gbogbo wa là ń jẹ ìṣáwùrú nílé. Bàbá wa gan-an, ìdí odò ló ń lọ ṣà á. Ìwọ nìkan ni kò bá lára mu. O kéré nígbà yẹn, o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré kiri ni. O jẹ ẹ́, gbogbo ara rẹ wú, ojú rẹ dí, a rò pé o máa kú. Nígbà tí ara rẹ yá, o tún ń jí i jẹ, nítorí o fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹran lọ. Ìyá wa wá pè ọ́, ó fi ojú líle sọ fún ọ pé ìdílé wa kì í jẹ ẹ́, èèwọ̀ ni. Àwa tó kù ń lọ jẹ tiwa lẹ́yìn ilé kí o má baà rí wa. Ó kàn fi èèwọ̀ dẹ́rù bà ọ́ ni."

Ìyá mi ló kọ́kọ́ rí ohùn: "Ìyá, kí wá ni èèwọ̀ ilé yín gan-an?"

"Ẹran ẹtu."

Ìyá mi fọwọ́ bo ẹnu. Ẹtu! Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni bàbá mi ń ra ẹtu gbígbẹ ní Waterside, ó sì ń fi eyín fa egungun rẹ̀. Ẹ̀rín ti fẹ́ pa ìyá mi, ó sá wọ yàrá lọ. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó gba inú ṣọ́ọ̀bù lọ, ó jókòó láàárín àwọn ìkòkò, ó kọ ẹ̀yìn sí wa.

Èmi ńkọ́? Inú bí mi, kí n má purọ́. Gbogbo ọjọ́ tí mo ti ń wo ẹnu àwọn ọmọ ẹlòmíràn! Gbogbo bí mo ṣe ń fọ́nnu lábẹ́ igi máńgòrò! Ohun kan ṣoṣo tí mo ní láti ilé, kì í tún ṣe ti ilé. Kí ni màá wá sọ nígbà tí wọ́n bá bi mí léèrè ọmọ ta ni mí? Àmọ́ ta ni yóò tiẹ̀ mú mi lọ síbi tí wọ́n á ti bi mí?

Ìyá Ilé ti abọ́ náà sọ́dọ̀ mi. Àánú mi ń ṣe é, mo rí i. Ó ní, "Wá jẹun, ọmọ mi. Ìwọ kì í ṣe bàbá rẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju gbogbo èyí tó ti ń sọ láti ọjọ́ tó ti dé lọ. Mo jókòó tìbínútìbínú. Mo mú ìṣáwùrú kan, mo fà á bí mo ṣe ń rí i tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fà á. Ẹ̀yin èèyàn, ó dùn! Ó rọ̀, ó ń yọ̀, ata àti epo ẹyìn ti wọ inú rẹ̀ lọ. Ó wá yé mi ìdí tí ọmọ kékeré kan fi lè máa jí i jẹ. Mo mú òmíràn, mo tún mú òmíràn, Ìyá Ilé náà ń mú tirẹ̀, àwa méjèèjì ń fà á fùú, fùú.

Ètè mi ló kọ́kọ́ ń yún mi. Mo rò pé ata ni. Lẹ́yìn náà etí, lẹ́yìn náà ọrùn. Mo fẹ́ sọ pé, "Ìyá, ara ń yún mi," ahọ́n mi ò yí dáadáa. Ojú mi ọ̀tún ń kéré sí i, òsì náà tẹ̀ lé e. Ìyá mi yọ láti yàrá, ó rí mi, ó kígbe tó mú kí Ol' Ma sáré padà wá. "Wha' happen to da child?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí láppà, ìró tó ró, fẹ́ mi.

Ìyá Ilé kò kígbe. Ó ti dìde dúró, ìkarahun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wò mí. Ó jù ú nù, ó fi ọwọ́ méjèèjì tó kún fún epo di ojú mi mú, ó gbé e sókè sínú ìmọ́lẹ̀, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

Ó pariwo pé, "Ẹ pè é! Ẹ pe bàbá rẹ̀ wá wo ara rẹ̀!"

Bàbá mi sáré wọlé, ó dúró gbagidi.

"Ojú tí ìyá wa gbé sórí itan lọ́jọ́ náà nìyí," ni Ìyá Ilé wí. Ẹ̀rín ń pa á, ẹkún sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Etí nìyí, ètè nìyí. Ojú tó dí nìyí. Mo ti ń wá ọ lára ọmọ yìí láti ọjọ́ tí mo ti dé, mi ò rí ọ. Ẹ fún mi ní epo pupa!"

Ó fi epo pa mí lára láti orí dé ẹsẹ̀, ó tún fún mi mu díẹ̀. Ol' Ma náà mú omi ewé kan wá, ó dúró tì mí títí tí mo fi lè mí dáadáa, ó sì ń ṣépè fún ìṣáwùrú ní èdè Kúrù. Bàbá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nígbà tó rí i pé mi ò ní kú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá mi ò purọ́ fún mi nìyẹn."

"Kò purọ́."

Ohùn rẹ̀ wá dà bíi ti ọmọdé, mi ò rí ojú rẹ̀ dáadáa, ohùn yẹn nìkan ni mo ń gbọ́. "Kí ló tún sọ nítorí tèmi nìkan, tí mi ò gbọ́?"

Ìyá Ilé ń nu ọwọ́ rẹ̀. "Nígbà tó fẹ́ kú, ó ní kí n wá mú ọ wálé. Ohun tí mo bá wá nìyẹn, mi ò kàn mọ bí màá ṣe sọ ọ́ ni. Ṣé wàá wá?"

Bàbá mi wo ìyá mi. Ó wo ìhà ṣọ́ọ̀bù, níbi tí oníbàárà kan ti ń kan abọ́, tó ń pe onítajà.

"Mo ti mọ̀," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, èyí ni màá mú lọ."

Mo fẹ́ fò sókè, ara ò gbé e. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ètè ò jẹ́. Bàbá mi fà mí mọ́ra, ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ nu epo kúrò lójú mi tó dí, ó sì fẹnu kan etí mi.

"Tí o bá dé ibi tí wọ́n sin ìyá mi sí," ló wí, "sọ fún un pé mo ti dé."